Kámẹ́rà Tó Lè Ya Ìbejì

“Ẹ gbé e sójú, Tántì. Kò ní jẹ yín.”

Fréjus tó ni ìsọ̀ kámẹ́rà náà ti fi ọ̀kan sí ọwọ́ Màríámù kí ó tó lè dáhùn. Màríámù ti wo irú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbé e rí. Ó wúwo ju bí ó ti rò lọ. Dúdú ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dán, níbi tí ìka ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní Yúróòpù ti máa ń dì í mú. Màríámù gbé e sójú. Ó rọra yí ojú kámẹ́rà náà, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ọjà Dantokpa sì mọ́ kedere: ọkọ̀ apẹja kan, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá tì í, omi tó ń kán sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀pá náà.

“Kí lo rí?” Ràzáàkì, ọkọ rẹ̀, bi í láti ẹnu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ Táyé, ọmọ wọn, mú.

“Omi tó ń kán.”

“Èmi ò bi ọ́ ní ti omi. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ tí a bá wá?”

Màríámù tún yí ojú kámẹ́rà díẹ̀. Kò tíì fẹ́ gbé e kúrò lójú.

Ilé ìwé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ló ti kọ́kọ́ di kámẹ́rà mú, láti ìgbà náà ni kì í ti í rí ìmọ́lẹ̀ lára ògiri kí ó má dúró wò ó. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí Sátidé bá dé, á gba ọ̀nà Sèmè lọ, á máa fi fóònù ya àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Nígbà tó bí ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin méjì tí bàbá wọn pàápàá máa ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, ó bẹ Ràzáàkì pé kí àwọn ra kámẹ́rà gidi.

“Ṣé o fẹ́ di oníròyìn ni?” Ràzáàkì rẹ́rìn-ín nígbà náà. “Fóònù ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

Òjò ọdún tó kọjá ló parí ọ̀rọ̀ fóònù. Omi wọ yàrá wọn ní Akpakpa, ó bá fóònù lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé tí ibà ń ṣe. Ọmọ ni Màríámù sáré gbé. Kò rántí fóònù. Gbogbo fótò àwọn ìbejì bá omi lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Kẹ́hìndé náà lọ.

Ní àdúgbò wọn, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Bí àwọn aládùúgbò ṣe wá ń kí Màríámù nìyẹn: “Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún mọ́. Ó lọ ṣẹ́gi ni, yóò dé.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Táyé náà nìyẹn. Màríámù ń gbọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Ràzáàkì ti Kétu dé. Ó wo ògiri pálọ̀, ó ní kò yẹ kí ilé ìbejì wà láìsí àwòrán àwọn méjèèjì. Nígbà tiwọn, ó ní, ayàwòrán á gbé ọmọ tó kù jókòó lápá ọ̀tún, á yà á. Á gbé e jókòó lápá òsì, á tún yà á. Á wá so méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan, ìbejì á sì pé. Kò fẹ́ kí ọwọ́ àjèjì ṣe é.

“Ìyàwó wa mọ fótò yà,” ni ó wí. “Kí ó ṣe é fúnra rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, Ràzáàkì sọ fún Màríámù pé, “Jẹ́ ká lọ ra kámẹ́rà rẹ.”

Ó ti ń retí gbólóhùn yẹn láti ìgbà tó ti bímọ. Nígbà tó dé, ó dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìsọ̀ náà, Fréjus gbé kámẹ́rà mìíràn sórí gíláàsì. Kékeré ni èyí, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

“Ẹ tún wo èyí. Ó ń wọ báàgì, fótò rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohun tó bá rí nìkan ló ń yà.” Ó nawọ́ sí ti ọwọ́ Màríámù. “Tọwọ́ yín yẹn, alárékérekè ni. Ó lè ya ẹ̀ẹ̀mejì, kó sì kó méjèèjì sórí fótò kan ṣoṣo. Ó gbọ́n ju èmi tí mò ń tà á lọ.”

“Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn,” ni Ràzáàkì wí.

“Tántì ti mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá dúró tì í níbí. Èmi ti ń pè é ní ọkọ wọn kejì.”

“Ọkọ kan ti tó o. Jẹ́ ká rí bó ṣe ń ṣe é.”

Fréjus ta aṣọ dúdú kan sára ògiri, ó fa bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀. Ó ní bí ẹ̀yìn bá dúdú, ojú ìsopọ̀ kò ní hàn. Màríámù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kà nípa rẹ̀ tipẹ́. Ó ti rò ó pé òun yóò fi ya ọ̀sà àti òṣùpá papọ̀.

Táyé gun bẹ́ǹṣì, ó jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ gan-an, ìdajì ìdí rẹ̀ wà níta.

“Sún sáàárín, ọmọ dáadáa,” ni Fréjus wí. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ojú ẹ.”

“Rárá. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé máa jókòó.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Fréjus. Ọmọ ẹ̀yà Gùn ni, nílé tiwọn náà wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Ó wo Ràzáàkì, ó wo Màríámù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ó lọ ṣẹ́gi, àbí? Ó ń bọ̀, ìyá mi kékeré. Ó ń bọ̀.”

“Gáàsì la fi ń dáná nílé wa,” ni Táyé wí. Ó wo bàbá rẹ̀. “Bàbá, ẹ sọ fún un kó má ṣẹ́ igi mọ́. Kó máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo.”

Ràzáàkì yíjú sí òde. “Yà á,” ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Jọ̀ọ́, yà á.”

Màríámù yà á lápá ọ̀tún. Fréjus gbé ọmọ náà lọ sápá òsì, Màríámù sì tún yà á. Bó ṣe rọrùn fún un tó ló bà á lẹ́rù. Àwòrán náà yọ lẹ́yìn kámẹ́rà: ọmọbìnrin méjì nínú aṣọ pupa rúsúrúsú lórí bẹ́ǹṣì kan. Kò síbi tí ènìyàn lè nawọ́ sí pé ibí ni wọ́n ti so ó pọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Kò tíì ya èyí tó dára tó o rí.

Ràzáàkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó fi ìka kan ojú àwòrán náà.

“Wò ó, Ìyá Ìbejì,” ni ó wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ó dé. Táyé, sáré wá wo Kẹ́hìndé!”

Àánú rẹ̀ ìbá ṣe Màríámù, bí kì í bá ṣe pé ìbínú ti gba àyè àánú.

Táyé sọ̀ kalẹ̀, ó wá. Ó wo àwòrán náà pẹ́.

“Èmi nìyí,” ni ó wí. “Èmi náà nìyí.” Ó gbójú sókè. “Kẹ́hìndé dà?”

“Òun nìyẹn, lápá ibẹ̀ yẹn.”

“Òun kọ́. Kẹ́hìndé kì í panu dé tí wọ́n bá ń ya fótò.” Ó padà lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. “Màá dúró dè é.”

Màríámù gbé kámẹ́rà ńlá náà lé orí gíláàsì. Ó mú kékeré.

“Èyí ni mo mú.”

“Èyí kẹ̀?” Ràzáàkì nu ojú rẹ̀. “Èyí kò lè ṣe ohun tí Màmá fẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé kì í ṣe ńlá yẹn lo ti ń tìtorí rẹ̀ dà mí láàmú ni?”

“Ìgbà tí wọ́n jẹ́ méjì ni mo fẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ yín. Ńṣe lẹ rẹ́rìn-ín.” Kò gbé ohùn sókè. “Bí ńlá yẹn bá wọ ilé wa, iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á ni yóò máa ṣe. Bí Táyé bá ṣe ń dàgbà ni Màmá yóò máa ní kí á tún un yà lẹ́ẹ̀mejì. A ó máa fi ọmọ tó wà láàyè ṣe òkú.”

“Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn! Kí ni kí n wá sọ fún ìyá mi?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó yín kò mọ fótò yà.”

Ó lọ bá ọmọ rẹ̀. Kò jókòó sí àyè tó ṣófo náà; ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

“Táyé. Kẹ́hìndé ò lọ ṣẹ́gi.”

“Màríámù!” Láti ọjọ́ tó ti bímọ, Ràzáàkì kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

Fréjus ta ìka yí orí ara rẹ̀ ká, ó sì bọ́ síta.

“Ó kú,” ni Màríámù wí. “Ibà ló pa á. Kò sí nínú igbó kankan. Kò ní padà wá.”

Táyé wò ó. Kò sunkún. Ó dà bíi pé ó ń wá nǹkan kan lójú ìyá rẹ̀, bóyá ibi tí irọ́ máa ń wà lójú àwọn àgbà.

“Kò ru igi kankan?”

“Kò ru igi kankan.”

Ọmọ náà mi orí pé òun ti gbọ́. Ó wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún bí ìgbà tí ènìyàn ń nu eruku kúrò lórí àga. Lẹ́yìn náà ó sún. Ó tún sún díẹ̀, títí ó fi dé àárín.

Ràzáàkì kẹ́yìn sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ejìká rẹ̀ ń mì. Màríámù tan kámẹ́rà kékeré náà, ó gbé e sójú, ó sì ya ohun tó rí.