Làálì Dúdú

Tàǹtí Latifa, àbúrò bàbá mi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà mí lọ́wọ́ jẹ́ nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀la. Ní Manigri níbí, ewé làálì lásán ni wọ́n fi kun ìyá mi. Wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mọ́jú, ó sì pọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń fẹ́ pupa? Dúdú ni àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ní Bassila ní àwọn fẹ́, kó lè yọ nínú fótò. Ni Tàǹtí bá po ìyẹ̀fun tí àwọn arúgbó fi ń pa ewú láró mọ́ làálì, ó fi ya òdòdó sí mi lọ́wọ́. Kíá ló dúdú kirikiri.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ mi ti wú. Gbogbo ojú òdòdó yẹn lé, omi kún inú rẹ̀, ó ń ta mí bí iná.

Dókítà Kamarou wò ó, ó mi orí. “Inú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní anilíìnì ni ìyẹ̀fun yẹn ti wá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí aró aṣọ, àti oògùn.” Ó fún mi ní parasetamọ́ọ̀lù. Mo bi í bóyá ti anilíìnì ni ìyẹn náà. Ó ní wọ́n lè ti ibẹ̀ ṣe é. Inú bí mi! Ohun tó bó mi lọ́wọ́, ẹbí rẹ̀ ni mo tún ń gbé mì.

Mo sọ fún Tàǹtí. Ó pòṣé. “Ojú ayé ló bá ọ jà. Ṣé ìwọ ni mo kọ́kọ́ kùn ni?”

A dé Bassila tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́ mi. Bintou, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tú u wò. Mo rò pé yóò figbe ta.

“Ẹ wo bó ṣe yọ! Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kun ti Húsnà náà.”

Húsnà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti na ọwọ́ kékeré méjèèjì síwájú. Tàǹtí ti ń po làálì nínú abọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣe é, kí wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní ìyàwó tuntun kì í la ohùn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ mi kò lè gbé nǹkan kan, nítorí náà ẹsẹ̀ ni mo fi ta abọ́ náà dànù lójú gbogbo àna mi.

Tàǹtí kò tilẹ̀ bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí Bintou.

“Ẹ má ṣèyọnu,” ló wí. “Òmíràn ń bẹ nínú àpò mi.”