Ọkọ Mi Ní Wáyà Lẹ́yìn

Àlá tí mo lá lóru àná, bí kì í bá ṣe pé ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀, mi ì bá má sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n má baà pariwo, nítorí obìnrin kejì tó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà síbí. Ìwọ tí mò ń di irun fún, gbé orí rẹ dúró. N óò máa sọ ọ́, n óò sì máa dì í.

Ẹ ṣáà mọ bí àdúgbò wa ṣe rí. Wáyà tó ń gbé iná wá sí apá ọ̀dọ̀ wa ti kú láti ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ti òdìkejì títì ń ṣiṣẹ́. Òdìkejì yẹn ni Sàbítíyù ń gbé, opó tó ń ta omi tútù. Ó ní fíríìjì, ó ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri, iná sì ń tàn nílé rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, Baba Ìtùnú, ọkọ mi, á wọ bàtà, á ní òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ta ló ń bá bọ́ọ̀lù jà? Bí ó bá padà dé, tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Má ṣe ìyọnu, mo ti fi nǹkan panu." Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Mo ń jowú o, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi.

Nínú àlá yìí, mo wà ní pálọ̀ mi, mo di wáyà gígùn kan mú. Ìdí wáyà náà wà lórí òpó iná ti òdìkejì. Mi ò mọ ẹni tó bá mi so ó, mi ò sì bèèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ti ki ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, iná á dé, Baba Ìtùnú á sì jókòó sílé. Kò sí pulọ́ọ̀gì. Èwo ni tèmi? Mo fi eyín bó rọ́bà ẹnu wáyà, mo ṣẹ́ ìgbálẹ̀ méjì tí n óò fi há a mọ́ ojú ihò, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é.

Ni sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wúkọ́.

"Ìyá Ìtùnú, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ṣé ìgbálẹ̀ yẹn náà lẹ tún fẹ́ fi gún mi lójú?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Pulọ́ọ̀gì ni kò sí."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ni mí?"

"Mi ò mọ̀ o. Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ọkùnrin ni mí. Wọn kì í fi ìgbálẹ̀ kan ọkùnrin. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

Ojú gbà mí tì, nítorí òótọ́ ló sọ. Nílé bàbá mi, bí mo bá ń gbálẹ̀ tí ìgbálẹ̀ ṣèèṣì kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, á gbà á lọ́wọ́ mi, á já ọ̀kan nínú rẹ̀, á ṣẹ́ ẹ dànù kí ọkùnrin rẹ̀ má baà bàjẹ́. Mo wá wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Ojú rẹ̀ kan ti dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti yọ́ bí òrí tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ó ní òun kò ní bá mi jà, pé òun ti ránṣẹ́ sí àwọn tí ń yẹ iná ilé wò.

Kò pẹ́ rárá tí ọ́fíìsì wọn fi dé. Odindi ọ́fíìsì ni mo wí o! Ó léfòó sókè òrùlé wa, tábìlì, àga, fèrèsé, gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi wáyà so ó mọ́ òpó kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ìrágbìjí. Ọ̀gá wọn gba ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú atẹ́gùn."

Ọ̀gá náà ní, "Màdáàmù, ilé méjì la wá yẹ̀ wò, tiyín àti ti Sàbítíyù. Ilé tí iná rẹ̀ bá dára la ó so ọkọ mọ́."

"Ọkọ wo?"

"Ọkọ yín. Àbí ẹ ò mọ̀ pé wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Baba Ìtùnú jáde láti yàrá, ó gbé bùbá rẹ̀ sókè, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Lóòótọ́, wáyà pupa kan yọ níbàdí rẹ̀, pulọ́ọ̀gì tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí fún ọkùnrin yìí ni mo ti ń bá a fọṣọ, mi ò rí wáyà rí. Èyí kò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò ya Sàbítíyù lẹ́nu, òun tó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Mo ní, "Sàbítíyù, níbo ni ìwọ ti rí wáyà ọkọ mi?"

Ó ní, "Ìyá Ìtùnú, ṣé ẹ rò pé ó máa ń jókòó lé e lórí ni?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Mo yíjú sí ọkọ mi. "Baba Ìtùnú, ilé wo lẹ fẹ́ gbé?"

"Ibi tí iná bá ti wà," ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Mo ní ó tì o, ọkọ mi ò ní lọ. Mo sáré bo ilé mi. Mo fi kàlẹ́ńdà bo sọ́kẹ́ẹ̀tì lójú, ó ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹní bo wáyà tó la àárín ilé kọjá, wáyà náà sì ń yíràá lábẹ́ ẹní. Ó wá ku ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí mo fi áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ lọ́rùn papọ̀. Mo jókòó lé òun lórí. Kò sí iná nílé o, síbẹ̀ ó ń gbóná. Àlá ni, ẹ má bi mí.

Ọ̀gá ní kí n dìde. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

"Irọ́ ló ń pa," kẹ́tù wí. "Ìdí ló ń dùn ún."

Wọ́n gbé mi kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ká ẹní. Ọ̀gá wá dé ìdí garawa omi, ó yọjú wò ó. "Ta ló wà nínú omi yìí?"

Mo ní, "Irin tí mo fi ń se omi ni. Ó ń wẹ̀."

"Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀ o. Á pa yín kó tó kí yín." Ó nu òógùn ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lómi mu."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àlejò kì í wọlé kí á má bu omi fún un. Omi wà nínú ìkòkò mi, àmọ́ ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí n tó bù ú, Sàbítíyù ti gbé omi tútù wọlé nínú ife onídìígí, ó sì kúnlẹ̀ fún wọn. Ní pálọ̀ mi! Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì ń yí padà lẹ́nu wọn. Ọ̀gá ní, "Omi yìí mà tutù, ó mà mẹ̀ẹ́, mẹ̀ẹ̀ẹ́." Ìwo hù lórí rẹ̀. Àwọn méjì tó kù pàápàá di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ rọ́bà ara wáyà mi, wọ́n ní àyẹ̀wò ni. Kò bà mí lẹ́rù rárá. Mo kàn ń rò ó pé ká ní omi tèmi ni wọ́n mu, ẹ̀yìn mi ni wọn ì bá wà.

Ọ̀gá òbúkọ jẹ wáyà tán, ó gùfẹ̀, ó ní, "Ilé yìí ò yege. Ẹ mú ọkùnrin yẹn lọ sí òdìkejì."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbá ọkọ mi lápá mú, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ mi kí n tì í mọ́ ibẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni pálọ̀ Sàbítíyù wà. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un wọ ilé obìnrin náà.

Iná ń tàn níbẹ̀ débi pé mo ní láti fi ọwọ́ bo ojú. Fíríìjì ló kọ́kọ́ kí wa. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ wa," ó wí.

"Ta ni ọkọ yín, ìwọ àpótí omi yìí?"

"Ẹ fara balẹ̀, ìyáálé."

Ìyáálé! Fíríìjì ń pe èmi ní ìyáálé! Mo fọ́ ọ létí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, mo rí abọ́ ẹ̀wà tí ọkọ mi ti jẹ dé ìdajì nínú rẹ̀, ṣíbí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ìbínú ti fíríìjì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí àṣírí ilé Sàbítíyù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó ti jóná dúdú, wọ́n fi ọ̀rá di wáyà rẹ̀, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí. "Ẹ gbà mí, ìyá," ó wí. "Mi ò sùn láti ọdún èṣí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Sàbítíyù, ilé ẹ náà kọ́ nìyí!" Mo jó díẹ̀. Àfi ìgbà tí mo yíjú padà tí mo rí ọ̀gá òbúkọ, ó ti fi ẹnu gbé pulọ́ọ̀gì ọkọ mi, ó ti kì í bọ ihò.

Baba Ìtùnú bá tàn. Ojú rẹ̀ tàn, eyín rẹ̀ tàn, èékánná rẹ̀ tàn. "Ó mà dára o," ó wí. Sàbítíyù gbé àpótí sún mọ́ ọn, ó gbé atẹ ìrẹsì lé itan, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ọkọ mi ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ó wù mí kí n já atẹ náà gbà kí n dà á nù.

Ni mo bá gbóòórùn irun tó ń jó. Èéfín ń jáde létí ọkọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ, kò mọ̀. Sàbítíyù gbé garawa omi, ó fẹ́ dà á lé e lórí.

"Má da omi sí i!" sọ́kẹ́ẹ̀tì kígbe. Èmi náà na ọwọ́ kí n fa ọkọ mi, sọ́kẹ́ẹ̀tì tún ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin méjèèjì ló máa bá a lọ! Ẹ pa súìṣì àgbà!"

Súìṣì àgbà, èyí tó ń pa iná gbogbo ilé, wà lára ògiri lẹ́bàá mi. Mo gbé ọwọ́ lé e.

Ọ̀gá òbúkọ ní, "Màdáàmù, bí ẹ bá pa á, iná ò ní dé ilé yín mọ́ láéláé. Mẹ̀ẹ́."

"Ìyáálé, ẹ rò ó dáadáa," fíríìjì wí.

Mo wo ọkọ mi. Bí mo bá pa á, kò ní sí iná tí n óò fi mú un jókòó sílé mọ́. Bí mi ò bá pa á, kò ní sí ẹni tí n óò mú jókòó. Mo pa á.

Gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn. Fíríìjì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

"Ta ló pa iná?" Ohùn ọkọ mi nìyẹn.

"Èmi ni."

"O ṣeun. Ara mi ti ń gbóná jù. Níbo lo wà?"

Mo ní mo wà níbí. Ó táràrà wá bá mi, ó jókòó tì mí. Sàbítíyù wúkọ́ nínú òkùnkùn, ó ní ilé òun nìyí o. Mo ní kó sún síwájú díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti la ojú. Ilẹ̀ ti mọ́, ooru mú gan-an. Baba Ìtùnú jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó mú páálí kan tó ya lára àpótí ìndómì, ó ń fi fẹ́ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo wí. "Kí ni mo ṣe?"

"Òógùn bò ọ́, o sì ń pe Sàbítíyù. Kí ni Sàbítíyù fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹ máa fẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ́ mi lọ. Ẹ̀yin obìnrin, mi ò rántí ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti jókòó tì mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo dijú padà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Àfi ariwo àwọn ọmọ lójú títì: "Iná ti dé! Iná ti dé!" Apá ọ̀dọ̀ wa ni o. Gílóòbù orí wa tàn. Kí n tó sọ pé a dúpẹ́, ọkọ mi ti ju páálí sílẹ̀, ó ti dé pálọ̀, mo ti ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù àná tí wọ́n tún ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo rọra dìde. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pa súìṣì àgbà, mo sì padà wá dùbúlẹ̀.

"Wọ́n tún ti mú un lọ!" ó kígbe láti pálọ̀.

Mo ní, "Ẹ ò rí wọn bí? Ìkà ni wọ́n. Ẹ máa bọ̀, páálí yín wà níbí."

Ó wá, ó tún ń fẹ́ mi. Títí tí mo fi kúrò nílé láàárọ̀ yìí, mi ò tíì tan án.