Ìgò Òróró Orí Pẹpẹ

Àlàmú, jórinjórin ní Òkìtìpupa, ni ó fi ọ̀pá irin ṣẹ́ Jethro lápá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún tí ó kọjá, níwájú ilé àyẹ̀wò òróró tí ó wà ní ọ̀nà Ode-Irele. Egungun náà ró bí igi gbígbẹ. Àwọn èrò ti fi táyà kọ́ Jethro lọ́rùn, Desmond sì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dúró tì í.

Jethro ni ó ń fún òróró ẹja ní Akotogbo. Desmond nìkan ni ó ń rà á, tí ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, tí ó sì ń tà á fún àwọn aboyún ìjọ Aládùúrà wọn, pé ó ń ran ọpọlọ ọmọ inú lọ́wọ́. Rose, aya Àlàmú, mu ún. Ó bi ẹ̀jẹ̀ títí, ó sì kú toyúntoyún. Ilẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí Desmond fi sọ fún Àlàmú pé Jethro ni ó da májèlé lu òróró náà.

Olúwafúnmiláyọ̀, ẹni tí ó ń yẹ òróró wò níbẹ̀, jáde láti géètì, ó dí wọn lọ́nà. Wọ́n gbá a lójú, ètè rẹ̀ ya, kò yẹsẹ̀. Ó ní bí wọn yóò bá pa ènìyàn, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣe. Láti inú erùpẹ̀ ni Jethro ti ráhùn pé láti inú àgbá kan náà tí Desmond rà ni òun ti bu ìgò àkọ́fún kan, òun fúnra òun sì gbé e lọ sí orí pẹpẹ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo afúnróró ìjọ wọn ti í ṣe. Wòlíì ìjọ náà lọ gbé e wá, ìda àbẹ́là ṣì wà ní ẹnu rẹ̀ digbí.

Olúwafúnmiláyọ̀ kọ́kọ́ fi ìgò kékeré kan hàn wọ́n: òróró òṣùwọ̀n, tí àwọn tí ó ṣe é ti kọ iye ásíìdì ọ̀rá inú rẹ̀, èyí tí gbogbo òróró ẹja máa ń ní, sí i lára. Ó ní bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò òun bá ka èyí ní àkàgún, kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́ mọ́. Àlàmú dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní bí ẹ̀rọ náà bá purọ́, Olúwafúnmiláyọ̀ ni wọn yóò pa tẹ̀lé Jethro.

Ẹ̀rọ ka òṣùwọ̀n, ó bá ohun tí a kọ mu. Ó ka ti pẹpẹ: òróró ẹja pọ́ńbélé. Ó ka ìṣẹ́kù inú ìgò Rose tí Àlàmú mú wá: ìdajì rẹ̀ kò ní ásíìdì ọ̀rá kankan. Òróró abẹ́ ilẹ̀ ni, irú èyí tí í máa wà nínú taransifọ́mà iná mànàmáná.

Desmond rẹ́rìn-ín. ‘Ẹ̀yin ará, òróró pẹpẹ ni ẹ fi ń ṣe ẹ̀rí? Ṣé ẹ kò mọ̀ pé àdúrà ti fọ májèlé inú rẹ̀ kúrò ni?’

Àwọn èrò ṣe àmín. Wọ́n da bẹntiróòlù lé Jethro lórí, ẹnì kan sì yọ ìṣáná.

Ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn ni ó gún Àlàmú lọ́kàn. Ó na ọ̀pá, ó fọ́ ọrùn ọwọ́ oníṣáná. Ìṣáná fò dànù.

‘Èmi ni mo gbé ìgò ìyàwó mi lọ sí orí pẹpẹ yẹn kí ó tó mu ún. Ẹ̀gbẹ́ ìgò Jethro ni mo gbé e sí. Àdúrà kan náà ni Wòlíì gbà sí méjèèjì. Bí àdúrà bá fọ ti Jethro, kí ló dé tí kò fọ ti Rose?’

Wòlíì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ṣe àmín.

Àlàmú gbé ọ̀pá tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀ sókè, ó nà án sí àyà ọkùnrin tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì.

‘Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òróró yìí gbà láti Akotogbo dé ọ̀dọ̀ mi. Desmond ni ó pa ìyàwó mi.’