Ọ̀pá Keje

Bọ́ọ̀lù tí Dókítà gbá ní ihò kẹrìndínlógún kò ga ju èjìká ènìyàn lọ. Ó yọ́ gba abẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá bí ẹni tí ó tẹrí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá a lórí, ó balẹ̀ nítòsí àsíá, ó sì dúró. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu orí ọ̀pá rẹ̀, ó tì í bọ inú àpò, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ àpò náà lọ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ó bá ń jáde nínú yàrá ìtọ́jú lẹ́yìn tí ó ti yọ eyín tí ó le jù lọ.

Kò ṣèèṣì rí ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù, lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ yunifásítì, bí afẹ́fẹ́ bá ti dojú kọ ọ́ báyìí, gbogbo agbára rẹ̀ ni ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá sì ṣe gbá a le tó, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń ròkè tó; afẹ́fẹ́ a gbà á lọ́hùn-ún, a dá a dúró, a sì jù ú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni ó fi dá dúró lórí pápá ìdánrawò, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bó, kí ó tó yé e pé a kì í bá afẹ́fẹ́ jà. Kí ènìyàn mú ọ̀pá tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń jìnnà tí kì í sì í ga. Kí ó dì í mú nísàlẹ̀. Kí ó gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Òun náà kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ní gbogbo nǹkan yòókù.

Lóyà ni gbogbo ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ń pe àbúrò náà nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, tí ó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ sunkún nínú yàrá, Dókítà ni ó fà á jáde, tí ó kó àwọn ọ̀pá tirẹ̀ àtijọ́ fún un, tí ó sì fi bí a ṣe ń dúró hàn án. Àánú ni ó ṣe é. Kò rò ó pé ẹni tí a ṣàánú lè lápá tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù Lóyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń fi ife tíì wọn sílẹ̀ láti wá wò ó. Ní ọjọ́ òní, àwọn méjèèjì ni ó kù nínú ìdíje ife àwọn obìnrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dókítà ti dé àṣekágbá yìí rí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sì kọ orúkọ ẹlòmíràn sára pátákó tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́. Ó mọ àlàfo tí ó kù lára pátákó náà bí ó ṣe mọ àlàfo ẹnu àwọn aláìsàn rẹ̀.

“Ẹ ò rí bọ́ọ̀lù tí àǹtí mi gbá!” Lóyà ń sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́, àgbàlagbà tí ó ń ṣe adájọ́ wọn. “Ó kàn yọ́ lọ ni! Ta ló lè gba ihò yẹn lọ́wọ́ wọn?”

“Gbọ́ ti ihò tó kàn,” Dókítà wí.

Iye ihò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ ni wọ́n ń kà nínú ìdíje náà: ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù púpọ̀ kí ó tó wọlé ni ó jẹ ihò. Dókítà ti wá fi ihò kan ṣíwájú, ó sì ku ihò méjì. Ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Dókítà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ṣì ń ta á lára.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, fọ́tò òrùlé tí ń jò ni ó ń wá lórí fóònù náà tí ó fi kan Lóyà. Lóyà láti iwájú, Lóyà láti ẹ̀yìn, Lóyà tí wọ́n fa fídíò rẹ̀ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wá tirẹ̀ títí. Kò sí ẹyọ kan.

“Kí ni gbogbo Lóyà yìí ń ṣe lórí fóònù yín?” ó béèrè nídìí tábìlì oúnjẹ.

“Áà, ìwọ náà rí i?” Ojú ọkùnrin náà tàn. “Mo ti ń wá ìdí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi ń lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìbàdí ni! Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń yí kí apá tó tẹ̀ lé e.”

“Ìbàdí àbúrò mi lẹ wá jókòó tì láàárọ̀ kùtùkùtù.”

“Dókítà! Gọ́ọ̀fù là ń sọ.”

“Mo gbọ́. Gọ́ọ̀fù ni.” Ó sì palẹ̀ àwo tí ọkùnrin náà kò tíì jẹun tán nínú rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ó fura sí àwọn méjèèjì. Ì bá rọrùn fún un bí ó bá jẹ́ ìyẹn. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọkọ rẹ̀ kò fi ojú tí ó fi ń wo ọmọ yìí wo òun rí, àti pé ojú náà kò ṣìnà: ohun tí ó yẹ ní wíwò ni.

Ní ihò kẹtàdínlógún, afẹ́fẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Lóyà dúró níwájú àpò rẹ̀, ó ń fi ìka ka àwọn ọ̀pá.

“Àǹtí mi, ọ̀pá wo…” Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Lóyà!” Ìyá Ẹgbẹ́ ké. “Parí ọ̀rọ̀ yẹn kí n gba ihò lọ́wọ́ ẹ!”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ o. Ojú lè wo ọ̀pá tí ẹnìkejì mú. Ẹnu ò gbọdọ̀ béèrè, ẹnu ò sì gbọdọ̀ sọ. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pá han ẹnìkejì kó lè darí ẹ̀, ihò yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn.”

“Ta ló máa wá mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni, mà?” Iṣẹ́ lóyà kò jẹ́ kí ó lè dákẹ́.

“Ẹni tó ni ọkàn ni. Kí lo rò pé ó fà á tí mi ò fi gbé fèrè kọ́rùn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lóyà wá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè réré, afẹ́fẹ́ sì gbé e bí ọmọ, ó gbé e kọjá igi, ó gbé e kọjá gbogbo yanrìn, títí tí wọn kò fi rí i mọ́. Kò sí ohun tí ọgbọ́n abẹ́ afẹ́fẹ́ lè ṣe sí ìyẹn.

“Ìyàwó mi!” Ẹnjiníà pariwo, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń fi àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣeré.

“Ọkọ mi, ẹ yà á bí?”

“Mo yà á tán pátápátá!”

Lóyà jẹ ihò náà. Wọ́n di ọgbọọgba.

Ihò tí ó kẹ́yìn kò jìn, ṣùgbọ́n adágún omi ni ó dùbúlẹ̀ láàárín. Ilé ẹgbẹ́ yọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó dí afẹ́fẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àsíá pàápàá wà nínú kòtò ní òdì kejì, ó rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ẹni tí ó bá wo àsíá nìkan yóò ní kò sí afẹ́fẹ́ láyé. Dókítà gbé ojú sókè. Orí àwọn igi tí ó wà lẹ́yìn omi ń tẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Níwọ̀n bí Lóyà ti jẹ ihò tí ó kọjá, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá. Dókítà mọ ohun tí ọmọ náà yóò ṣe. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti ń ṣe é: yóò wo ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, nítorí pé apá tirẹ̀ le jù, yóò sì mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ẹyọ kan jù ú lọ. Bí Dókítà bá mú ìkeje, Lóyà a mú ìkẹjọ. Kò kùnà rí, nítorí pé Dókítà kò ṣì í lọ́nà rí.

Dókítà mú ọ̀pá keje jáde.

Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn dúró sí ibi tí ojú ti lè tó o, ó yí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà síta kí nọ́ńbà rẹ̀ lè hàn, ó sì fì í lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ó ti pinnu. Ó rí i tí ojú àbúrò rẹ̀ wá, tí ó sì lọ. Lóyà fa ìkẹjọ yọ.

Ó gbá a dáadáa. Ibẹ̀ ni ó ti dun ni jù. Ìbàdí yí, apá tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù sì gòkè sọ́nà àsíá gan-an. Ó kúrò ní ibi tí ilé ẹgbẹ́ ṣíji bò, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó sì dúró lójú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó já wálẹ̀. Omi ta.

“Háà!” Ẹnu Ẹnjiníà kò pa dé.

Dókítà dá ọ̀pá keje padà sínú àpò. Ó mú ìkẹrin, ó dì í mú nísàlẹ̀, ó gbá a pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi bí ó ti ń sáré kọjá, ó gun etí òdì kejì, ó sì yí lọ bá àsíá. Lóyà bọ́ fìlà rẹ̀, ó na ọwọ́.

“Mo ti fi ihò náà sílẹ̀ fún yín, àǹtí mi.” Lẹ́yìn náà ni ó kúkú gbá a mọ́ra. “Ẹ wò ó, ojú mi ń fẹ́ dókítà. Ìkeje ni mo rí lọ́wọ́ yín o! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra.”

Dókítà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ nu orí ọ̀pá kẹrin.

“Ṣé ẹ ó kọ́ mi? Ti abẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín. Mo ń rò pé ẹ máa kọ́ mi nígbà tí mo bá tó o.”

Nínú ilé ẹgbẹ́, wọ́n ti gbé ife sórí tábìlì. Ìyá Ẹgbẹ́ ń fi etí aṣọ nù ún. Ẹnjiníà fa ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

“Wá wo nǹkan. Má bínú sí mi o. Mo yà ọ́.”

“Ẹ ya èmi?”

“Ìwọ lo ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé, lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ẹ wọ omi níwájú àwọn àlejò. O ní tí mo bá tún na fóònù sí ẹ lórí pápá, màá rí i. Ẹ̀rù ń bà mí látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, mo ní kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.”

Dókítà ti gbàgbé. Nítòótọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti gbàgbé pátápátá.

Ó wo fídíò náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó rí gbọnrangandan, tí ó fa ọ̀pá kan yọ, tí ó fì í. Obìnrin náà kò wo àsíá, kò wo igi, kò wo omi. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó fi ń wo àbúrò rẹ̀.

“Ṣé o rí bí o ṣe fara balẹ̀?” ọkọ rẹ̀ ń sọ létí rẹ̀. “O dára lójú púpọ̀.”

“Ẹ ṣeun,” Dókítà wí. Ó dá fóònù padà fún un, ó sì rìn lọ bá tábìlì náà láìkánjú. Lóyà wà níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ìka kan ife, ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún.

“Ẹ má tíì fún mi, mà,” Dókítà sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́. “Ojú Lóyà kò ní àìsàn. Ọ̀pá keje ni mo mú. Mo mú un jáde kí ó lè rí i, kí ó lè ṣìnà.”

Aṣọ dúró lára ife. Lóyà gbé ojú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ihò tí ó kẹ́yìn kì í ṣe tèmi,” Dókítà wí. “Mo jẹ àbúrò mi ní gbèsè ife yìí. Mo sì jẹ ẹ́ ní bọ́ọ̀lù abẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ó bá ṣì fẹ́ kí n kọ́ òun, ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.”