Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Pẹ́ Kó Tó Gbiná

"O ò ní bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè ọmọ mi! Èmi tí mo bí i ò lè tẹ̀lé e débẹ̀, ìwọ náà ò ní tẹ̀lé e!"

Mọ́mì Zipporah, ìyá Jedidiah olóògbé, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ilé wọn ní Japara, tó na apá sùtánà funfun rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ Adéfọlá, ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni."

"Ọkọ ta ni? Ìwọ tó o jókòó s'Ágọ̀-Ìwòyè, tó ò ń ya àwòrán ohun tó pa á?"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wolẹ̀. Ta ló fẹ́ gba tiẹ̀ níbẹ̀?

Òótọ́ ni, Adéfọlá ló ya àwòrán náà fún ibi iṣẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké méjì ni, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá. Tí ìdí yẹn bá ti jó tán, àwọn méjèèjì á jọ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tì í dànù, kó má baà kọ lu èyí tó ń lọ sókè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé, Mọ́mì ṣí ìdérí ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké náà, ó wọ́n omi àdúrà sí i, ó dé e padà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bo ọmọ tuntun láṣọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ ni Jedidiah ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Mọ́mì ti sọ ọ́ di mẹ́ńbà ṣọ́ọ̀ṣì o." Omi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀tù inú rẹ̀, Adéfọlá mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ló máa ní òun fẹ́ nu àdúrà ìyá ọkọ òun nù? Ó dákẹ́.

Ní Mákùn-Omi, ọ̀kan gbiná, ìkejì kọ̀. Wọ́n dúró títí. Jedidiah ní òjò ti ń bọ̀, ó lọ wò ó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó gbiná.

Láti ọjọ́ náà ni Adéfọlá ti pinnu pé ìyá yìí ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ omi náà lẹ́nu òun láé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń gbé èébú mì.

"Apànìyàn! Àdúrà ni mo fi sin ọmọ mi jáde, iná lo fi pàdé rẹ̀! Ẹ máa gbé e lọ!"

Wọ́n gbé pósí náà kọjá. Adéfọlá na ọwọ́ sí i. Mọ́mì gbá ọwọ́ náà dànù.

"Omi àdúrà yín ni, Mọ́mì! Inú rẹ̀ ló wọ̀, òun ló jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbiná. Jedidiah sọ fún mi, mo sì dákẹ́."

Mọ́mì ká apá sùtánà rẹ̀ kúrò lọ́nà.