Níbi Tí Wọ́n Ti Mọ Ànú

"Bàbá, kò sí orúkọ yẹn níbí." Damaris, akọ̀wé ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, tún ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. "Mo ti wá a láàárín àwọn ọlọ́dún kẹta, mo sì ti wá a láàárín àwọn ọlọ́dún kẹrin."

"Ọmọ mi ni," Bàbá Fọlọ́runṣọ́ dáhùn. "Ànúolúwapọ̀. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wò ó."

Kò tíì sọ ohun tó gbé e wá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sin Ànú. Ọkọ̀ kan ló kọ lu ọ̀kadà tó gbé e lọ́nà Kuru, nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Àná ni wọ́n wọlé padà. Bàbá ní òun fúnra òun ni yóò wá sọ fún wọn, kí wọ́n má baà máa pe orúkọ òkú nínú kíláàsì.

Damaris tún tẹ kọ̀ǹpútà, ó wá gbójú sókè. "Ó ti wà níbí rí, sà. Ọdún kan péré ló lò. Ó ti yí kọ́ọ̀sì padà sí ìmọ̀ nípa ewéko. Ẹ̀yìn kẹ́mísírì lọ́hùn-ún ni ẹ̀ka tiwọn wà. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Ó sọ. Ohun tó dun Bàbá jù nìyẹn. Nídìí oúnjẹ ni ọmọ náà ti wí pé, "Dádì, ọkàn mi kò sí nínú òfin." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fọlọ́runṣọ́ sì fi ṣe akọ̀wé kóòtù nílùú Jos, tó ń gbé fáìlì tẹ̀lé àwọn lọ́yà tí òun lè bí lọ́mọ, tó ń pè wọ́n ní sà. Ó ju ṣíbí sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ ewéko lo fẹ́ kà, lọ wá bàbá mìíràn!"

"Mo ti gbọ́, sà," ni Ànú wí. Láti ọjọ́ náà, wọn kò sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́. Bàbá rò pé òun ti borí ni.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Damaris, ó jáde. Ó kọjá ẹ̀ka ìròyìn, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kàwé sókè bí ẹni tó wà lórí rédíò. Níwájú ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta, àwọn ọmọ ń fi òòlù fọ́ àpáta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òórùn kẹ́mísírì ta á nímú. Lẹ́yìn ibẹ̀ ló ti rí oko pòtétò kékeré kan, àti ọmọbìnrin oníhíjáàbù kan tó ń bomi rin ín.

"Sannu, Baba." Ọmọbìnrin náà wojú rẹ̀, ó pariwo. "Haba! Ẹ jọ Anu gan-an! Ẹ̀yin ni daddy ẹ̀?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Amirah lorúkọ mi. Ẹ má bínú, Yorùbá mi ò dáa tó. Ará Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n Dogon Dutse ni wọ́n bí mi sí. Ẹ wá wo pòtétò ẹ̀!" Ó fà á lọ́wọ́. "Àrùn tó ń pa pòtétò àwọn àgbẹ̀, Anu ń wá irú èyí tí kò ní lè pa. Ìlà mẹ́ta yìí ti kú. Èyí, wallahi, kò kú. Ó ti tanná! Kó tó lọ Kuru, ó ní kí n máa bá òun bomi rin ín, òun fẹ́ lọ já ewé tó ń ṣàìsàn lóko àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Mo ń pe fóònù ẹ̀, kò lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó tanná."

Ewé. Bàbá rántí àpò tí wọ́n kó fún un nílé ìwòsàn: ewé dúdú tó ti rọ, tí wọ́n fara balẹ̀ wé sínú ìwé ìròyìn. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì dà á sórí ààtàn.

"Ọ̀rọ̀ yín ló máa ń sọ," Amirah ń bá tirẹ̀ lọ. "Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun láti máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ọjọ́, aago, gbogbo ẹ̀. Nínú gbogbo wa, ìwé tiẹ̀ ló mọ́ jù. Ó ní ọjọ́ tá a bá parí, òun á mú yín wá síbí. Ó ní tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní bínú mọ́."

Bàbá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá oko. Ní ẹ̀ka òfin, ì bá rọrùn láti sọ ọ́: gbólóhùn kan, kí ó buwọ́ lùwé, kí ó máa lọ. Ó wo Amirah tó dúró síwájú rẹ̀, tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń retí kí Bàbá gbà láti jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán an sí Ànú.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní kíláàsì yín, ọmọ mi?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà. Pẹ̀lú Anu."

"Lọ pè wọ́n wá. Ní kí gbogbo wọn wá jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọmọ mi, n kò sì lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Amirah. Ó gbé agolo omi sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń rìn, ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó ń dúró dè wọ́n.