Símẹ́ǹtì Inú Ife

Délé, má rẹ́rìn-ín o, mo lá àlá kan mọ́jú òní.

Ṣé o rí i, bí a bá ti gbẹ́ kànga epo, a máa ń ki páìpù irin bọ inú rẹ̀, kéésìn là ń pè é, a ó wá da símẹ́ǹtì yí i ká. A máa ń bu díẹ̀ lára símẹ́ǹtì náà sínú ife, ká fi mọ̀ bóyá tìsàlẹ̀ ti le. Bí kò bá le, gáàsì lè tú jáde, kó jó wa.

Nínú àlá, yàrá ìyá mi ni kànga náà wà. Ọ̀gá wa gbé ife fún mi, ó ní, "Ó ti le. Buwọ́ lùwé." Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fìka kàn án, ó ń dún ko-ko-ko. Ìka tèmi nìkan ló ń rì sínú rẹ̀ bí ẹni tìka bọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá mi ní, "Buwọ́ lù ú, jàre," ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Mo jí. Mi ò wá ìtumọ̀ kankan.

Àfi bí ọ̀gá ṣe pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n wá buwọ́ lùwé pé símẹ́ǹtì tá a dà lánàá ti le. Mo ní, "Ife símẹ́ǹtì àná ńkọ́, sà?"

Ó ní, "A ti fọ̀ ọ́."

Délé, símẹ́ǹtì tó ti le, ṣé ó ṣeé fọ̀ kúrò nínú ife?